Ìtàn Orúkọ Crowther àti Ẹ̀kọ́ tí Ó Kọ́ Wa



Ní ọdún tí ó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa tí ó ń gbé ní ìhà àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá sílé fún ìsinmi. Ṣàngó Toll Gate ni a ti pàdé rẹ̀ bí ó ti ń sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Kí a tó kí ara wa tán ni ó ti bi wá ní ìbéèrè kan. Ó ní ní àdúgbò tí òun ń gbé, òun a máa rí orúkọ Crowther lára ṣọ́ọ̀bù, lára ọkọ̀ àwọn oníṣẹ́-ọwọ́, àti lára òkúta ibojì. Ó ní: "Ẹ jọ̀wọ́ sà, ṣé ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther ni gbogbo wọn, àbí àwọn ni wọ́n bí Bíṣọ́ọ̀bù?" A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tí a délé, a rí i pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. A ṣèlérí pé inú ìwé yìí ni a ó ti dá a lóhùn, kí gbogbo wa lè jọ jẹ àǹfààní rẹ̀.

Ìpilẹ̀ṣẹ̀ Orúkọ Náà

Ní ayé àtijọ́, orúkọ kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń jẹ́. Nígbà tí ènìyàn wá pọ̀, tí àwọn akọ̀wé ọba sì ní láti mọ John tí ó ti san owó-orí yàtọ̀ sí John tí kò tíì san án, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fi nǹkan kún orúkọ. Wọ́n fi orúkọ baba kún ti àwọn kan: Johnson ni ọmọ John. Wọ́n fi ìrísí pe àwọn mìíràn: White ni ẹni tí irun tàbí àwọ̀ rẹ̀ funfun. Wọ́n sì fi iṣẹ́ pe àwọn mìíràn: Smith ni alágbẹ̀dẹ, Taylor ni aránṣọ. Láàárín nǹkan bí ọdún 1200 sí 1400 ni irú orúkọ báyìí di ohun tí baba ń fi sílẹ̀ fún ọmọ.

Orúkọ iṣẹ́ ni Crowther. Nígbà náà, ohun-èlò olókùn kan wà tí wọ́n ń pè ní crowd, tí àwọn ará Wales ń pè ní crwth. Okùn mẹ́fà ni wọ́n sábà máa ń ta sí i, ọ̀pá onírun ni wọ́n sì fi ń fà á, gẹ́gẹ́ bí àwọn onígòjé ti ń fa gòjé lónìí. Ẹni tí ń fà á níbi àsè àti níwájú àwọn ọlọ́lá ni wọ́n ń pè ní crowther. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá sọ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó péjọ ni orúkọ náà ń tọ́ka sí, ó ṣì í pè. Àwọn ìdílé Àyàn láàárín wa ni ó sún mọ́ ọn jù. Ẹni tí ó bá gbọ́ Àyándélé tàbí Àyántúndé ti mọ̀ pé ilé onílù ni a ti bí ẹni náà.

Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà. Ọ̀pọ̀ ilé Àyàn ṣì ń kọ́ ọmọ ní ìlù títí di òní. Ní ti àwọn Crowther, iṣẹ́ kúrò, orúkọ kù. Violin dé, ó gba ipò ohun-èlò àtijọ́ náà. Nígbà tí ọ̀rúndún kọkàndínlógún fi máa parí, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ pátápátá, àní ní Wales tí ó pẹ́ sí jù lọ. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni àwọn díẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ọ.

Orúkọ náà kò wọ́pọ̀ káàkiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bí Smith àti Johnson ti wọ́pọ̀. Ìwọ̀-oòrùn Yorkshire ni ó ti fìdí múlẹ̀ jù, ní agbègbè Huddersfield àti Halifax. Àwọn ìdílé díẹ̀ tí ó ń jẹ́ orúkọ náà ni wọ́n bí sí i tí wọ́n rẹ̀ sí i níbẹ̀, iṣẹ́ aṣọ onírun àgùntàn sì dá wọn dúró síbẹ̀ láti ìran dé ìran. Ìdílé Crowther kan ní ilé-iṣẹ́ ìhunṣọ ńlá kan ní Marsden, nítòsí Huddersfield, èyí tí a kò tì pa títí di 2003. Àwa tí à ń gbé láàárín àwọn ilé-iṣẹ́ Ọ̀tà àti Ṣàngó mọ bí iṣẹ́ ti í so ènìyàn mọ́ ilẹ̀. Àwọn mìíràn nínú wọn ṣí lọ sí Amẹ́ríkà, Kánádà àti Ọsirélíà. Ìdí nìyí tí ọmọ wa fi ń rí orúkọ náà lára ṣọ́ọ̀bù àti òkúta ibojì ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Bí Ó Ti Kan Àjàyí

Báwo wá ni orúkọ onígòjé Yorkshire ti ṣe di ti ọmọ Òṣoògùn? Ní nǹkan bí ọdún 1809 ni a bí Àjàyí. Orúkọ àmútọ̀runwá ni Àjàyí, nítorí ó dojúbolẹ̀ wá sáyé. Ní 1821, ogun kó Òṣoògùn, wọ́n mú ọmọdékùnrin náà pẹ̀lú ìyá rẹ̀ Afàlá àti àwọn ẹ̀gbọ́n òun àbúrò. Wọ́n yà wọ́n sọ́tọ̀ sí ara wọn, wọ́n sì ń ta Àjàyí láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó, tí wọ́n kó o sínú ọkọ̀ ojú omi àwọn Potogí. Ní oṣù Kẹrin 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí ń jẹ́ Myrmidon mú ọkọ̀ náà, wọ́n sì kó àwọn ẹrú inú rẹ̀ lọ sí Freetown ní Sàró.

Ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn ni a gbé gúnlẹ̀ sí Sàró lọ́nà báyìí, láti àkókò tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fi òfin de òwò ẹrú ní 1807. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ti gba orúkọ òyìnbó. Àwọn kan gba ti míṣọ́nnárì tí ó kọ́ wọn, àwọn kan gba ti gómìnà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, ẹni tí ó bá ń san £5 lọ́dọọdún fún ìtọ́jú ọmọ kan lábẹ́ ẹgbẹ́ CMS láǹfààní láti yan orúkọ tí a ó máa pe ọmọ náà. Àwa Yorùbá ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ṣùgbọ́n ní Sàró, ilé tí a wò nígbà náà kì í ṣe ilé ọmọ.

Ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá, 1825, Àlùfáà John Raban ṣe ìrìbọmi fún Àjàyí, ó sì sọ ọ́ ní Samuel Crowther. Orúkọ àlùfáà kan ní Lọ́ńdọ̀nù ni, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n dúró ti ẹgbẹ́ CMS, tí ó jẹ́ olùṣọ́-àgùntàn ìjọ Christ Church ní Newgate Street. Nítorí náà, ìdáhùn ìbéèrè ọmọ wa kò ṣòro mọ́: àwọn Crowther ti Yorkshire kì í ṣe ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù, wọn kì í sì í ṣe baba ńlá rẹ̀. Nínú omi ìrìbọmi ni orúkọ náà ti kàn án, kì í ṣe nínú ẹ̀jẹ̀.

Orúkọ àti Ẹ̀jẹ̀

Ẹ jẹ́ kí a wo ìdílé Bíṣọ́ọ̀bù náà fúnra rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ Dandeson Coates Crowther, tí ó di àgbà nínú àwọn àlùfáà ní ẹkùn Odò Ọya, ń jẹ́ orúkọ akọ̀wé CMS kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọmọbìnrin rẹ̀ Abigail fẹ́ Thomas Babington Macaulay, ẹni tí ó dá Grammar School ti CMS sílẹ̀ ní Èkó ní 1859. Ọmọ wọn ni Herbert Macaulay, ẹni tí gbogbo Nàìjíríà mọ̀, tí a bí ní 1864, ọdún náà gan-an tí a fi bàbá ìyá rẹ̀ jẹ Bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury. Macaulay jẹ́ orúkọ àwọn ará Scotland. Ẹ rí i bí ẹ̀jẹ̀ Àjàyí ti ń ṣàn lábẹ́ orúkọ mìíràn, nígbà tí orúkọ Crowther ń rìn lọ lára àwọn tí kò bá a tan rárá.

Ní òdìkejì ayé, ní Hobart ní erékùṣù Tasmania, Crowther mìíràn wà. Oníṣègùn ni William Crowther, ó sì jẹ́ olórí ìjọba níbẹ̀ láti 1878 sí 1879. Ní 1869, wọ́n fi ẹ̀sùn kàn án pé ó gé orí òkú William Lanne, ọ̀kan nínú àwọn onílẹ̀, láti fi ṣe ìwádìí, wọ́n sì dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn. Síbẹ̀ wọ́n mọ ère fún un lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ní 2022, ìgbìmọ̀ ìlú dìbò pé kí a mú ère náà kúrò, ní 2024 sì ni ó wó lulẹ̀. Orúkọ kan náà ni òun àti Àjàyí tiwa ń jẹ́, ṣùgbọ́n ìwà kálukú ni ayé fi rántí rẹ̀.

Orúkọ Òyìnbó Nílẹ̀ Wa

Láti nǹkan bí 1839 ni àwọn Sàró ti ń padà wá sí Àgbádárìgì, Abẹ́òkúta àti Èkó, pẹ̀lú orúkọ wọn: Johnson, Cole, Davies, Coker, Savage. Ní Ọ̀tà wa níhìn-ín, ọ̀kan nínú àwọn àlùfáà ìṣáájú tí CMS rán sí wa ní àárín ọ̀rúndún náà ni James White, Sàró ọmọ Yorùbá, tí ó pẹ́ láàárín àwọn Àwórì. Aláwọ̀ dúdú ni, White ni ó sì ń jẹ́.

Nígbà tí ó yá, àwọn kan bọ́ ẹ̀wù náà sílẹ̀. David Vincent di Mójọlá Àgbébí ní 1894. Lẹ́yìn náà, ní ọdún 1970 àti díẹ̀, Fẹlá yọ Ransome kúrò nínú orúkọ rẹ̀, ó fi Aníkúlápó rọ́pò. Àwọn mìíràn fi ti òyìnbó sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. A kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi nínú wọn. Ẹni tí bàbá àti bàbá bàbá rẹ̀ ti jẹ́ Johnson pẹ̀lú ọlá, Johnson ti di ti ilé rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ Inú Rẹ̀

Ẹ wo ibi tí a ti pàdé ọmọ wa. Toll Gate ni a ń pè é, bẹ́ẹ̀ ni a kì í san kọ́bọ̀ níbẹ̀ mọ́ láti ìgbà tí ìjọba Olóyè Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ti fòpin sí gbígba owó lójú ọ̀nà ìjọba àpapọ̀. Ọmọ tí kò rí owó ibodè sójú rí ń ké "Toll Gate wọlé!" lẹ́nu ọkọ̀. Newgate tí ìjọ Samuel Crowther ti Lọ́ńdọ̀nù wà, ibodè ìlú ni òun náà tẹ́lẹ̀, tí wọ́n ti wó láti ọ̀rúndún kejìdínlógún. Bọ́ǹbù àwọn ará Jámánì jó ṣọ́ọ̀ṣì náà ní oṣù Kejìlá 1940, ọgbà òdòdó ni ó wà láàárín ògiri rẹ̀ báyìí. Ibodè lọ, orúkọ kù. Gòjé lọ, orúkọ kù. Orúkọ a máa pẹ́ ju ohun tí ó bí i lọ, ṣùgbọ́n kò lè sọ ìtàn ara rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ènìyàn ni ó gbọ́dọ̀ sọ ọ́.

Àjàyí sọ tirẹ̀. Lára ìwé tí ó tẹ̀ jáde lórí èdè Yorùbá ní 1843, Samuel Crowther ni wọ́n kọ. Ṣùgbọ́n ní 1837, ó ti kọ lẹ́tà gígùn sí akọ̀wé CMS kan, nínú èyí tí ó ti ròyìn bí wọ́n ti kó Òṣoògùn àti bí wọ́n ti yà á nípá kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Nígbà tí ó dé Abẹ́òkúta ní 1846, ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lẹ́yìn náà, ó tún fojú kan Afàlá. Ní 1848, a ṣe ìrìbọmi fún ìyá náà, a sì sọ ọ́ ní Hannah. Nítorí pé ọmọ rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ ni a fi mọ̀ pé Hannah ni Afàlá. Mélòó ni Afàlá tí kò ní ẹni tí yóò kọ ọ́!

Àwa pàápàá jẹ̀bi nínú ọ̀rọ̀ yìí. Lára òkúta ibojì ìyá tí ó bí ìyá wa, Rebecca ni wọ́n kọ, ọ̀rọ̀ parí. Ó ní orúkọ tí ìyá tirẹ̀ ń pè é, ó sì ní oríkì. Àbúrò rẹ̀ kan wà láyé tí ó mọ ọ́n, iṣẹ́ olùkọ́ni kò sì jẹ́ kí a ráyè lọ bèèrè. À ń sọ pé ó di ìsinmi ọdún Àjíǹde. Kí ìsinmi náà tó dé, ìyá àgbà ti sùn. Àwa tí à ń pe orúkọ ogójì ọmọ ní kíláàsì láràárọ̀ kò mọ orúkọ ìyá ìyá wa.

Nítorí náà ni a ṣe ń bẹ gbogbo ọmọ ìlú. Ẹ ra ìwé kékeré kan. Ẹ lọ jókòó ti àwọn àgbà ilé yín, ẹ kọ orúkọ bàbá, ti ìyá, ti bàbá àgbà àti ti ìyá àgbà sílẹ̀, orúkọ ìrìbọmi tàbí ti ìmàle pẹ̀lú orúkọ àbísọ àti oríkì, kí ẹ sì kọ ibi tí wọ́n ti wá kún un. Ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn odi, tẹlifóònù wà lọ́wọ́ yín. Ẹ fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí akọ̀wé ẹgbẹ́ wa, kí ó wà ní ìpamọ́ fún àwọn tí a kò tíì bí.

Ọmọ wa tí ó bi wá léèrè, ìdáhùn rẹ nìyí. Nígbà tí o bá tún rí orúkọ Crowther lára ṣọ́ọ̀bù, bá wọn rà á, kí o sì kí wọn dáadáa. Ẹbí kọ́ ni yín. Lẹ́yìn náà, pe ìyá rẹ nílé lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an, kí o bi í léèrè ohun tí wọ́n ń pe ìyá rẹ̀.