Níbi tí Àwo Rì Sí

"Ìgàndó! Ìkòtún! Ẹ mú ṣéńjì yín dání o!" Ariwo kọ́ńdọ́ nìyẹn lójoojúmọ́ tí mo bá ń darí bọ̀ láti iléèwé. Ẹ̀yin ará, kí dánfó tó dé, omi ló mú àwọn Àwórì débí.

Àwọn àgbà ní Ọlọ́fin Ògúnfúnminírè, ọdẹ Ilé-Ifẹ̀, gbé àwo lé odò, òun àtàwọn èèyàn ẹ̀ sì ń tẹ̀ lé e. Níbi tí àwo rì sí ni wọ́n tẹ̀dó sí. Ìṣẹ̀rí ju ẹyọ kan lọ lónìí: ọ̀kan létí odò Ògùn, òmíràn, Ìṣẹ̀rí-Ọlọ́fin, ní Alímọ̀ṣọ́ wa níbí. Èmi ò dá ẹjọ́ o. Ohun tó yé mi ni pé etí omi ni wọ́n ń gbé, wọn ò gbé inú ẹ̀.

Nígbà ìkànìyàn 2006, èèyàn Alímọ̀ṣọ́ ti ju mílíọ̀nù kan lọ. Wọ́n ti da yanrìn dí odò tí ìyá ìyá mi ti ń rẹ ẹ̀gẹ́. Lọ́jọ́ tí òjò gbé omi wọ pálọ̀ wa, mo ní omi yìí burú. Màmá ní:

"Omi ò ṣìnà. Ojú ọ̀nà ẹ̀ lẹ kọ́lé sí."