Ẹni tó ń gba ẹjọ́ ẹlẹ́jọ́ rò, ta ni yóò bá a ro tirẹ̀?

1. Ẹ̀yin ará, ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ àwọn lọ́yà tó ń gbé Mowe, Ibafo àti Ifo ni, àwọn tó ń jí nígbà tí ilẹ̀ ò tíì mọ́ torí pé Èkó ni kóòtù wọn wà. Àárẹ̀ wọn ní ìtàn.

2. Christopher Sapara Williams ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di lọ́yà. 1879 ló gbàṣẹ iṣẹ́ nílùú Lọ́ńdọ̀nù. Wíìgì àti aṣọ dúdú, ọ̀dọ̀ àwọn òyìnbó la ti rí i. Lójú tèmi, a tún kọ́ nǹkan kan mọ́ ọn: pé lọ́yà kì í sọ pé ó rẹ òun.

3. Láyé àtijọ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó ń rojọ́ níwájú adájọ́ yàtọ̀ sí ẹni tó ń kọ ìwé oníbàárà. Ní tiwa, ẹnì kan ló ń ṣe méjèèjì. Ó rojọ́ láàárọ̀, ó tún ń kọ àgírímẹ́ǹtì lóru.

4. Wọ́n ṣí títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ní 1978. Owó ilé l'Ékòó le, èèyàn sì ya lọ Mowe àti Ibafo. Gosíló ojú ọ̀nà wá di iṣẹ́ kejì tí ẹnikẹ́ni ò sanwó ẹ̀.

5. Ní 1974, Herbert Freudenberger, onímọ̀ ọpọlọ kan ní New York, kọ̀wé nípa bí iṣẹ́ ṣe ń jó èèyàn tán. Kì í ṣe ọ̀lẹ ló ń bá wí o! Àwọn tó ń fi gbogbo ara ṣiṣẹ́ ni. Ní 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé fi í sínú ìwé wọn: kì í ṣe àrùn, wàhálà ibi iṣẹ́ ni.

6. Àwa náà ní tiwa. Ẹ gba Ifo kọjá lọ sí Abẹ́òkúta, ẹ ó dé Arò. Níbẹ̀ ni Dókítà Adéoyè Lámbò ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1954. Kò ti àwọn aláìsàn mọ́lé. Ó ní kí wọ́n máa gbé láàárín ará abúlé, kí ẹbí wọn wà pẹ̀lú wọn, kí wọ́n máa gba ìtọ́jú. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

7. Ní 2021, ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà àgbáyé, IBA, gbé ìwádìí jáde. Nínú lọ́yà 100, 41 ló ní àwọn ò lè bá ọ̀gá sọ̀rọ̀ nípa ìlera ọkàn, kí iṣẹ́ má baà bàjẹ́. Ṣẹ́ ẹ rí i? Ẹ̀rù ọ̀gá ni kò jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀.

8. Oṣù kìíní 2023 ni Nàìjíríà ṣẹ̀ṣẹ̀ ní òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ. Ó dáa. Àmọ́ òfin ò lè béèrè pé, "Ṣé o ti sùn?" Ẹ̀yin ọ̀gá chambers, ẹ bi àwọn júníọ̀ yín léèrè. Ìwọ júníọ̀, wá ẹnì kan ṣoṣo, kó o sọ fún un pé, "Ó ti rẹ̀ mí." Ara kì í ṣe irin jàre.