Òde Ni Ó Ti Kó Ẹ̀ṣọ́ Wálé: Bessie Coleman àti Ẹ̀kọ́ Ọkọ̀ Òfúrufú

Ilé ni a ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde, ṣùgbọ́n ọ̀ràn Bessie Coleman yàtọ̀. Òde ni ó ti kó ẹ̀ṣọ́ wálé. Òun ni obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ láti Amẹ́ríkà tí ó gba ìwé àṣẹ awakọ̀ òfúrufú, ilẹ̀ Faransé ni ó sì ti gbà á. Ẹni tí ó bá gbọ́ èyí lè rò pé ó yan òkè òkun láàyò ju ilé lọ. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ọ̀rọ̀ rí.

Ìpínlẹ̀ Texas ni a bí i sí ní ọdún 1892. Òwú ni wọ́n ń já nílé wọn. Nígbà tí ó dàgbà, ó ṣí lọ sí Chicago, ó ń tọ́jú èékánná fún àwọn oníbàárà ní ilé onígbàjámọ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí ó ti jagun ní Faransé, ni ó fi í ṣe ẹlẹ́yà pé àwọn obìnrin ibẹ̀ ń wa ọkọ̀ òfúrufú. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Ó wá ilé ẹ̀kọ́ nílé, kò rí èyí tí ó gbà á: ó jẹ́ dúdú, ó tún jẹ́ obìnrin. Robert Abbott, ẹni tí ó ni ìwé ìròyìn Chicago Defender, ni ó gbà á nímọ̀ràn pé kí ó lọ sí Faransé.

Ó kọ́ èdè Faransé, ó tu owó jọ, ó sì wọ ọkọ̀ ojú omi ní oṣù Kọkànlá ọdún 1920. Ní Le Crotoy, ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Caudron, ó rí i tí akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ kan já bọ́ kú. Kí òǹkàwé rò ó wò: iṣẹ́ tí àṣìṣe kan ṣoṣo lè gba ẹ̀mí ènìyàn, èdè àjèjì ni ó fi ń gbọ́ àṣẹ olùkọ́. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹfà ọdún 1921, ìwé àṣẹ tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n ìwé àṣẹ kò ì tí ì di oúnjẹ. Iṣẹ́ tí ó wà fún irú rẹ̀ nílé ni kí ó máa dárà lójú ọ̀run fún àwọn òǹwòran, kò sì sí ẹni tí ó fẹ́ kọ́ ọ ní àrà náà. Ó tún padà sí Yúróòpù ní ọdún 1922. Lẹ́yìn èyí ni òkìkí rẹ̀ kàn. Ní Waxahachie, ní Texas, ó kọ̀ láti fò àfi bí dúdú àti funfun bá gba ẹnubodè kan náà wọlé. Wọ́n gbà, ìjókòó inú lọ́hùn-ún nìkan ni wọn kò pa pọ̀.

Ilé ẹ̀kọ́ fún àwọn aláwọ̀ dúdú ni ó ń wá owó láti dá sílẹ̀. Kò rí i dá. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin ọdún 1926, ní Jacksonville, mẹkáníìkì rẹ̀ ni ó ń wa ọkọ̀. Bessie kò de ara rẹ̀ mọ́ ìjókòó, nítorí ó fẹ́ yọjú wo ibi tí yóò fi páráṣúùtì bọ́ sí lọ́jọ́ kejì. Sípánà kan há sínú ẹ̀rọ, ọkọ̀ dojú dé, ó sì jábọ́. Àwọn méjèèjì kú.

Ní ọdún 1929, William Powell dá ẹgbẹ́ awakọ̀ òfúrufú kan sílẹ̀ ní Los Angeles, ó sì fi orúkọ Bessie pè é. Ní Chicago, ilé ẹ̀kọ́ kan tí ó kọ́kọ́ kọ Cornelius Coffey àti John Robinson nítorí àwọ̀ wọn gbà wọ́n nígbà tí wọ́n halẹ̀ pé àwọn yóò pè é lẹ́jọ́. Coffey di olùkọ́. Ní ọdún 1938, Willa Brown, tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, gba ìwé àṣẹ tirẹ̀ ní Chicago kan náà, láìwọ ọkọ̀ ojú omi lọ síbi kankan.