Mágínẹ́tà 1E 2259+586

1E 2259+586 jẹ́ ìràwọ̀ nẹ́tírọ́ọ̀nù tí agbára òòfà rẹ̀ pọ̀ jọjọ, irú èyí tí àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ ń pè ní mágínẹ́tà. Ó wà ní apá ojú ọ̀run tí wọ́n ń pè ní Cassiopeia, nínú CTB 109, ìyẹn àwókù ìràwọ̀ ńlá kan tó bú gbàmù. Ọdún 1980 ni ìròyìn rẹ̀ kọ́kọ́ jáde.

Irú ìràwọ̀ báyìí kì í fẹ̀ ju ìlú kan lọ, síbẹ̀ ó wúwo ju oòrùn lọ. Eléyìí ń yí po lẹ́ẹ̀kan ní nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 7. Agbára òòfà rẹ̀ ló ń pèsè ìtànṣán X-ray rẹ̀, torí agbára tó ń pàdánù bí ìyípo rẹ̀ ṣe ń falẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kò tó o.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2002, sátẹ́láìtì RXTE ti Amẹ́ríkà rí i tó kọ mànà lé ní ìgbà 80 láàárín wákàtí díẹ̀, ìyípo rẹ̀ sì yára sí i lójijì. Ìyárasí bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì. Irú rẹ̀ wọ́pọ̀ lára àwọn pulsar, ìyẹn àwọn ìràwọ̀ nẹ́tírọ́ọ̀nù tí ìtànṣán wọn ń dé ọ̀dọ̀ wa léraléra bí wọ́n ṣe ń yí po, àwọn onímọ̀ sì gbà pé ohun ṣíṣàn inú ìràwọ̀ ló ń ti èèpo rẹ̀ síwájú. Ti oṣù kẹrin ọdún 2012 ló ya ni lẹ́nu. Sátẹ́láìtì Fermi rí ìkọmànà kan tí kò tó ìdá kan nínú 20 ìṣẹ́jú-àáyá, sátẹ́láìtì Swift sì rí i pé ńṣe ni ìyípo náà falẹ̀ lójijì. Ìwé ìròyìn Nature gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2013. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn bóyá inú ìràwọ̀ náà ni okùnfà rẹ̀ wà tàbí ìta.