Ojú Irin, Títì Márosẹ̀ àti Èèpo Ìrẹsì

Ọ̀fàdà, ìlú tí ìrẹsì gba orúkọ rẹ̀, ò jìnnà sí Mowe rárá. Síbẹ̀, ìrẹsì funfun àti búrẹ́dì ló kún ọjà Mowe, Ìbàfò àti Ìfọ̀. Báwo ló ṣe rí bẹ́ẹ̀? Àwọn kan á ní adùn ni. Ní tiwa, ọ̀nà tí ẹrù gbà wọ̀lú àti iye tí wọ́n ń tà á la rí.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti Ìfọ̀. Ojú irin tó gbéra l'Ékòó gba Agége àti Ìfọ̀ kọjá sí Abẹ́òkúta, ó sì dé Ìbàdàn ní 1901. Ní 1913, ọmọ Jàmáíkà kan, Amos Shackleford, wá ṣe akọ̀wé reluwé. Nígbà tó yá, ó fiṣẹ́ sílẹ̀, ó dá ilé búrẹ́dì sílẹ̀, ó sì kó ẹ̀rọ tó ń po ìyẹ̀fun wọlé. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni búrẹ́dì Agége ti wá. Àlìkámà kì í ṣe irè oko wa níhìn-ín; òkè òkun ni ìyẹ̀fun funfun ti ń wá, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí lọ̀ ọ́ ní Àpápá ní 1962.

Ọ̀nà kejì ni títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tó gba Ìbàfò àti Mowe kọjá. 1978 ni wọ́n ṣí i, nígbà owó epo rọ̀bì. Ẹ bi àwọn bàbá yín léèrè nípa owó Udoji ti 1974! Ṣáájú ìgbà yẹn, ọjọ́ Kérésìmesì àti Iléyá ni ọ̀pọ̀ ilé ń se ìrẹsì. Owó dé, ọkọ̀ ojú omi ń já a ní Àpápá, ó sì di oúnjẹ ojoojúmọ́. Ìjọba fòfin dè é ní 1985, wọ́n tú u sílẹ̀ ní 1995. Ní oṣù kẹjọ 2019, wọ́n ti ẹnubodè pa. Ìdí-Ìrókò ní Ògùn yìí ò ṣí títí di 2022. Owó ìrẹsì lọ sókè, àmọ́ ẹnu wa ò padà.

Kí la wá pàdánù? Hóró ọkà ní èèpo, ó ní ojú tó fi ń hù, ó sì ní àárín tó jẹ́ kìkì síṭáàṣì. Ẹ̀rọ tó ń bó o funfun ń gbé méjì àkọ́kọ́ lọ. Èèpo pupa tó ṣẹ́ kù lára Ọ̀fàdà ló ń jẹ́ kí oúnjẹ pẹ́ nínú, kí ṣúgà má sáré wọnú ẹ̀jẹ̀. Ká má parọ́, àwa náà ń sẹ́ èèrí kúrò lára ògì, ewúrẹ́ là ń fún.

Ní Framingham l'Amẹ́ríkà, níbi táwọn oníṣègùn ti ń tọpa ìlera ará ìlú láti 1948, wọ́n wo oúnjẹ àwọn àgbà tó lé ní 2,800. Èsì tó jáde ní 2010 ni pé ọ̀rá inú ikùn àwọn tó ń jẹ ìpín mẹ́ta odidi ọkà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóòjọ́ fi bí ìdá 10 nínú 100 kéré sí ti àwọn tí kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ẹ́. Ibi tọ́rọ̀ wà rèé: àwọn tó tún ń jẹ ìpín mẹ́rin ọkà funfun tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ò rí àǹfààní yẹn. Ìwádìí náà ò sọ pé ọkà nìkan ló fà á. Àmọ́ ó jọ pé kéèyàn fi Ọ̀fàdà kún búrẹ́dì ò tó. Ó yẹ kó rọ́pò rẹ̀ ni.

Ta ló wá lówó ẹ̀? Ọ̀fàdà wọ́n ju ìrẹsì funfun lọ. Òjò ni ọ̀pọ̀ oko rẹ̀ ń retí, kì í so púpọ̀, ọwọ́ ni wọ́n sì sábà fi ń ṣa òkúta inú ẹ̀. Ó ti di oúnjẹ òde ìnáwó, tí wọ́n ń wé sínú ewé. Ẹni tó jí láago mẹ́rin n'Íbàfò láti lọ síbi iṣẹ́ l'Ékòó, ohun tó bá yá tó sì pọ́ọ́kú ló máa jẹ. Bébi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe.

Torí náà, ẹ má fi ikùn ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́. Ìjọba tó lówó títì tí ìrẹsì òkèèrè ń gbà kọjá Mowe yẹ kó lówó ẹ̀rọ tó ń ṣa òkúta àti ọ̀nà oko l'Ọ́fàdà.