Láti Ọwọ́ Oníbodè dé Ilé Dátà: Ìtàn Ìṣàkóso Ìwọlé Níbi tí Ibùdó Pọ̀ Sí

Ìfáàrà

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fẹ́ ṣe ìdánwò àṣewọlé sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní Ṣakí tàbí ní Ìsẹ́yìn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ìka tẹ ẹ̀rọ kí wọ́n tó gbà á wọlé. Ilẹ̀kùn kan nìyẹn. Àwọn ilẹ̀kùn mìíràn wà tí akẹ́kọ̀ọ́ náà kò rí: ta ni ó lè ṣí ìbéèrè? Ta ni ó lè fọwọ́ kan máàkì? Ta ni ó lè yí ètò orí sáfà padà? Iṣẹ́ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò ìtàn ìṣàkóso ìwọlé sí àwọn ilé dátà tí ó wà ní ibùdó tí ó ju ẹyọ kan lọ. Èrò wa ni pé àgádágodo nìkan kò tó. Ó di dandan kí àṣẹ kan náà dé gbogbo ẹnubodè, kí ẹlòmíràn sì lè yẹ iṣẹ́ aláṣẹ wò. Ìtàn agbègbè Òkè-Ògùn yóò là wá lóye lórí kókó yìí.

Oníbodè, Ìlàrí àti Ajẹ́lẹ̀

Nígbà tí ilẹ̀ ọba Ọ̀yọ́ gbòòrò, Aláàfin kò lè wà ní gbogbo ìlú lẹ́ẹ̀kan náà. Oníbodè ni ó ń ṣọ́ ẹnu odi, òun ni ó sì ń gba owó ibodè. Ajẹ́lẹ̀ ni ojú ọba ní ìlú tí ó jìnnà. Ìlàrí, tí a ń fi irun orí tí wọ́n fá lápá kan dá mọ̀, ni ó ń gbé ọ̀rọ̀ ọba kiri. A ṣàkíyèsí pé ipò ni àṣẹ so mọ́, kì í ṣe ara ènìyàn. Bí ajẹ́lẹ̀ kan bá kúrò, ẹni tí ó rọ́pò rẹ̀ ni ó ni àṣẹ.

Ètò yìí ní ibi tí ó ti lè yẹ̀. Ní nǹkan bí 1817, Àfọ̀njá, Ààrẹ-Ọ̀nà-Kakaǹfò, ya Ìlọrin kúrò lábẹ́ Aláàfin. Ẹni tí a fún ní agbára láti dáàbò bo ilẹ̀ ọba ni ó lo agbára náà láti já ara rẹ̀ gbà. Ní Òkè-Ògùn gan-an, ìṣọ̀tẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ ní Òkèhò àti Ìsẹ́yìn ní 1916. Lára ohun tí ó fà á ni pé ìjọba àmúnisìn ti fi kún agbára Aláàfin ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, tí kóòtù ìbílẹ̀ tuntun sì bí àwọn ará ìlú nínú. Nígbà tí àṣẹ bá pọ̀ lọ́wọ́ ẹnì kan láìsí ẹni tí yóò dá a lẹ́kun, gbogbo ìlú ni ó ń jìyà rẹ̀.

Ilé Dátà àti Ẹ̀rọ inú Ẹ̀rọ

Ilé dátà ni ilé tí a kó sáfà jọ sí, pẹ̀lú iná tí kì í kú àti ẹ̀rọ amúlétutù. Ní 1972, iléeṣẹ́ IBM kéde VM/370, ètò tí ó pín kọ̀ǹpútà ńlá kan sí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ inú ẹ̀rọ, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣiṣẹ́ bí ẹni pé òun nìkan ni ó wà. VMware, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1998, sọ irú ètò yìí di ohun tí ó wọ́pọ̀ lórí kọ̀ǹpútà kéékèèké.

Àǹfààní rẹ̀ pọ̀, ewu rẹ̀ náà kò kéré. Ẹni tí ó bá ní àṣẹ lórí sọ́fítíwia tí ń pín ẹ̀rọ náà ní kọ́kọ́rọ́ gbogbo yàrá lọ́wọ́. Bákan náà, a lè ṣí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ nípò láti ìlú kan sí òmíràn láìsí pé ẹnikẹ́ni gbé ẹrù. Bí òfin ìwọlé kò bá bá a lọ, ó ti dé ibi tí kò ní oníbodè.

Àwọn onímọ̀ ti wá ojútùú sí i. Ní 1975, Jerome Saltzer àti Michael Schroeder kọ ọ́ pé kí àṣẹ tí a ó fún ẹnikẹ́ni má ju ohun tí iṣẹ́ rẹ̀ ń fẹ́ lọ. Ní 1992, David Ferraiolo àti Richard Kuhn gbé ìlànà kalẹ̀ pé kí a so àṣẹ mọ́ ipò. Kò ṣàjèjì sí ẹni tí ó mọ iṣẹ́ ajẹ́lẹ̀.

Ẹ̀kọ́ láti Inú Ìdánwò 2025

Ní 2013 ni àjọ JAMB bẹ̀rẹ̀ ìdánwò orí kọ̀ǹpútà. Ní 2015 ni ó di ti gbogbo olùdánwò. Ní 2025, àjọ náà mú àtúnṣe wọ inú ètò rẹ̀; lára rẹ̀ ni dída ìbéèrè àti ìdáhùn rú kí olùdánwò má baà jí ìwé wò. Àtúnṣe náà dé orí àwọn sáfà ti ẹ̀ka Kàdúná, ṣùgbọ́n kò dé orí ti ẹ̀ka Èkó, tí ń sin Èkó àti ìlà-oòrùn gúúsù. Kò sí ẹni tí ó rí i títí èsì fi jáde. Ní ọjọ́ 14 oṣù karùn-ún, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Oloyede, ọ̀gá àgbà àjọ náà nígbà náà, jẹ́wọ́ àṣìṣe náà ní gbangba pẹ̀lú omijé. Ibùdó 157 ni ó kàn: 65 ní Èkó, 92 ní ẹkùn Òwerri. Olùdánwò 379,997 ni wọ́n ní kí ó tún ìdánwò ṣe.

Olè kọ́ ni ó ba nǹkan jẹ́ níhìn-ín, odi kò sì ya. Ìlàrí dé ìlú kan, kò dé èkejì, kò sì sí ẹni tí ó bi í bóyá ó jíṣẹ́.

Ìgúnlẹ̀

Àwọn àgbà ní, bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Ìtàn tí a gbé yẹ̀ wò fi hàn pé ògiri lè lanu láti inú. Olùkọ́ ọ̀la ní láti mọ èyí, nítorí òun náà yóò di oníbodè máàkì àti àkọsílẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ, èyí tí òfin ààbò dátà ti 2023 dáàbò bò. Kí ó má ṣe yá ẹnikẹ́ni ní páásíwọọ̀dù. Kí a gba àṣẹ lọ́wọ́ olùkọ́ tí ó ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Kí àkọsílẹ̀ wà nípa ẹni tí ó wọlé, ìgbà tí ó wọlé àti ohun tí ó yí padà. Lékè gbogbo rẹ̀, kí ẹni tí ó ṣe àyípadà má jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo tí yóò sọ pé ó ti parí.