Ọ̀wẹ̀ ni tàbí Àáró?

Nígbà tí Ward Cunningham, ará Amẹ́ríkà, ń wá orúkọ tí yóò sọ ojú-ewé tí ẹnikẹ́ni lè kọ nǹkan sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní 1995, èdè àwọn ará Hawaii ni ó tọ̀ lọ, nítorí pé “wikiwiki” lọ́dọ̀ wọn ni kíákíá lọ́dọ̀ wa. Láti ibẹ̀ ni Wikipedia, tí a dá sílẹ̀ ní 2001, ti rí orúkọ jẹ́. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Àwa tí a ń fi Yorùbá kọ ìwé ìmọ̀ ọ̀fẹ́ yìí, ilé ta ni a ń wò?

Ẹ wo ẹni tí ń ṣe iṣẹ́ náà láìgba kọ́bọ̀. “Olùyọ̀ǹda ara ẹni” ni wọ́n ń pè é, orúkọ tó gùn bí òpó, tí kò sì sọ ohun tí ẹni náà ń ṣe. Bẹ́ẹ̀ àwọn baba wa ní ọ̀wẹ̀, wọ́n sì ní àáró. Ẹni tó bẹ ọ̀wẹ̀, kí àwọn ènìyàn wá bá a ṣiṣẹ́, ni yóò se oúnjẹ, tí yóò gbé ẹmu kalẹ̀. Àáró ni kí n bá ọ kọ ebè lónìí, kí ìwọ náà bá mi kọ iye kan náà lọ́la. Nínú ìwé ìmọ̀ yìí, kò sí ẹni tí ń gbé ẹmu fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ojú-ewé tí mo kọ ní ìrọ̀lẹ́, kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹnìkan tí n kò rí rí ti fi àmì ohùn sí i, èmi náà a sì wá ìtọ́kasí fún tirẹ̀. Aláàáró ni mo ń pè é, bí a kò tilẹ̀ ka ebè fún ara wa.

Ọ̀rọ̀ náà “àtúnṣe”, tí a ń tẹ̀ bí a bá fẹ́ yí ojú-ewé padà, fa iyàn láàárín èmi àti àbúrò mi kan. Ó ní ohun tó bàjẹ́ là ń tún ṣe, ta sì ni òun tí òun yóò máa tún iṣẹ́ àgbà ṣe? Mo ní ṣebí àràárọ̀ là ń tún ilé ṣe, kì í sì í ṣe pé ilé wó. Kò gbà, àfi ọjọ́ tó kà á nínú àyọkà kan pé, “Àgbẹ̀ gbé ọkọ kọ́ èjìká.” Ẹ̀rín pa á. Ó tẹ “àtúnṣe”, ó fi àmì òkè lé ọ ìkẹyìn lórí, ọkọ ìyàwó sì di ọkọ́ àgbẹ̀.

Àyọkà onílà méjì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ńkọ́? Kùkùté ni Gẹ̀ẹ́sì fi pè é. Kùkùté, tí ẹni tó ń mì í ń mi ara rẹ̀ lásán! N kò lè fi òkú igi pe ohun tí a fẹ́ kó dàgbà. Èéhù ni mo kọ. Ẹnìkan ti pa á rẹ́, ó sì ti dá kùkùté padà síbẹ̀. Mo ti kọ̀wé sí i lójú-ewé ọ̀rọ̀, níbi tí a ti ń jíròrò, mo ń retí èsì.